Sóbò Tútù fún Bọ́sẹ̀

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń kùn jẹ́jẹ́ kí ohùn mi lè là, bí mo ti máa ń ṣe. Ni Bọ́sẹ̀ tí a jọ ń kọ ohùn òkè bá pariwo pé, "Ẹ gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta o!"

Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí Bọ́sẹ̀ dá orin ìdúpẹ́ lọ́la. Orin tèmi!

Ó dáa.

Bọ́sẹ̀ kì í mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Nínú ooru Lọ́kọ́ja yìí, ohun tó bá tutù bíi yìnyín ló máa ń wá, bó bá sì ti mu ún tán, ohùn rẹ̀ á há. Mo ya ọjà Kpata, mo ra sóbò. Ó ti wà nínú fírísà. Lọ́la, màá kí i pé, "Ọ̀kún o, àǹtí mi," màá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Atalẹ̀ tèmi ń hó lórí iná. Wọ́n á ṣáà wá ẹni tó máa parí orin náà.