Okùn Tí Ẹ Kò Lè Fà Wò

Bàbá mi, ẹni tí kì í fọkàn tán okùn,

Mo bímọ. Obìnrin ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Àbúrò yín ni, Àǹtí Rábì. Orúnkún Màámi kò gbà kí wọ́n jókòó sórí àpótí mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ láì sọ fún mi.

Ẹ má tíì bínú.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń kó iṣu láti Ìkòyí-Ilé wá sí Takie l'Ògbómọ̀ṣọ́? Ọmọ ọkọ̀ á ti di ẹrù tán, ẹ ó tún fa okùn kọ̀ọ̀kan wò. Nílé, ẹ ó gbóòórùn ọṣẹ kí ẹ tó fi wẹ̀, ẹ ó gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ sì rí i pé ààrin ojú ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Múfú, funfun bí omi ògì nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó, ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n ni ẹ fura sí. Ẹ ní ọṣẹ ni Àǹtí Rábì fi ba ojú ọmọ jẹ́. Ẹ lé wọn kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n inú ìfura yẹn ni mo dàgbà sí.

Ohun tí iṣẹ́ dókítà kọ́ mi rèé. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára wa, ẹrù wà tó gbọ́dọ̀ rìn, ọ̀nà tín-ín-rín sì wà tó ń gbà. Jíìnì kan tí à ń pè ní FYCO1 ló ń jẹ́ kí ara ṣe ohun tó ń so ẹrù náà mọ́ ọ̀nà, bí okùn yín gẹ́lẹ́. Kí dígí inú ojú tó lè mọ́ gaara, ó gbọ́dọ̀ palẹ̀ ẹrù inú rẹ̀ mọ́. Bí okùn yẹn kò bá ṣiṣẹ́, pàǹtí á kù síbẹ̀, dígí á sì funfun.

Ẹ̀dà méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, èkejì á ṣiṣẹ́, ẹni náà kò sì ní mọ nǹkan kan. Méjèèjì ló bàjẹ́ lára Bùọ̀dá Múfú. Ọ̀kan bàjẹ́ lára Màámi. Ẹ ti jáde láyé kí n tó lè gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n níbo ni èkejì ìbá tún ti wá, Bàbá? Èmi náà ní ọ̀kan. Èwo nínú yín ló fún mi?

Méjèèjì ló pé lára ọkọ mi, nítorí náà jíìnì yìí kò lè ba ojú ọmọ mi jẹ́. Mo mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tí Àǹtí Rábì dé, mo gbóòórùn ọṣẹ wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bí ọlọ́pàá, mo ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Kí ni mò ń wá?

Wọ́n na ẹsẹ̀, wọn kò fọwọ́ kan ọmọ.

“Dókítà, gbé tọ́ọ̀ṣì ẹ wá. Yẹ ojú ẹ̀ wò kí n tó wẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

“Tún un yẹ̀ wò, níṣojú ìyá ẹ. Bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ìyá ọmọ l'Ọ̀yọ́ nìyẹn, kó má baà di pé èmi ni.”

“Àǹtí, ó ti tó,” ni Màámi wí.

“Ìyàwó wa, dákẹ́ o. Ṣebí o wà níbẹ̀ nígbà yẹn, o ò sọ̀rọ̀.”

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọmọ, ààrin rẹ̀ sì pọ́n ròdòròdò. Mo fi han Àǹtí Rábì pé pípọ́n yẹn ló ń sọ pé dígí mọ́. Wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wò ó títí.

“Ti Múfú ńkọ́? Ṣé ó pọ́n báyìí kí n tó wẹ̀ ẹ́?”

Bàbá, wọ́n ti ń fura sí ọwọ́ ara wọn látọjọ́ yìí.

“Rárá, mà. Funfun ló ti wà látinú oyún.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Wọ́n bomi lé ọmọ lórí. Mo lọ jókòó sí pálọ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí balùwẹ̀. Ọmọ ké tòò. Ara mi fẹ́ dìde. N kò dìde.

Èmi ọmọ yín tó jọ yín jù, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.