Ta Ló Pa Wífí Nígbà Tí Ìyá Mi Ń Ṣàdúrà?

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Àjàní yín ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Atakpamé yìí, tí àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Ẹ kú àárò mi, èmi náà kú àárò yín. Mo kí Bàbá Mọ́gàjí, àbúrò bàbá mi. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, láti orí èyí tó dàgbà jù títí dé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Mo kí Ráfátù àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, tó ń di fóònù mú fún yín kí ẹ lè rí ojú mi. Mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn ò tíì mọ̀ mí. Ara wa le níhìn-ín. Àfí ìyàwó mi ní kí n kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà nìyẹn. Ráfátù sọ fún mi pé ẹ ní kí Àfí má bá mi wá sílé ní Iléyá tó ń bọ̀, pé obìnrin tó pa ẹ̀rọ mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu láàárín àdúrà kò gbọdọ̀ tẹ ìloro yín. Ó ní gbogbo agboolé ló ti gbọ́, pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé ọjà Ṣakí. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí wọ́n sì kà á sókè lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé kẹta péré ni mo kà, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ pe tíṣà tó bá wù yín kó wá wá àṣìṣe nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi díẹ̀, kí ẹ lè rántí irú ọmọ tí ẹ bí. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, àpò kan ni mo gbé dání, bàtà ẹsẹ̀ mi sì ti já. Lónìí, taya ni mo tò kan àjà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mí níhìn-ín, ń ti Glei wá bá mi, wọ́n ń ti Notsé wá. Wọ́n á kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò nílò kí n ka nọ́ńbà tó wà lára taya. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo máa fi pa á, mo sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ọjọ́ tó máa bẹ́. Mo kọ́ ilé oníyàrá méje, mo kun òrùlé rẹ̀ ní pupa, ẹni tó bá wà lórí òkè lè nàka sí i. Ṣakírù ọmọ mi ń kàwé gíga ní Lomé. Kò sí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò ìlú yìí kì í ṣe kékeré, òkè ló sì yí wa ká. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, fóònù a di òkúta lọ́wọ́ ẹni. Ẹ rántí ọdún tí ara yín ò yá, èmi àgbà yìí ni mo gun òkè ẹ̀yìn ilé nínú ẹrẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn yín. Mo búra lọ́jọ́ náà pé bí wọ́n bá ti ń ta ohun tí yóò máa mú ìyá mi wọ pálọ̀ mi, èmi ni màá kọ́kọ́ rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì dé àdúgbò wa, èmi ni mo kọ́kọ́ pè wọ́n wọlé.

Ìyá, àpótí wífí yìí ń ṣe bẹbẹ! Kò ju àwo oúnjẹ ọmọdé lọ. Funfun ni, ó ní ìwo méjì, ó ní iná wínníwínní níwájú. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀, kò sì sí wáyà tó ti ara rẹ̀ lọ sí yàrá kankan, síbẹ̀ yàrá méjèèje ló ń dé. Tó bá ṣe é ṣe, ǹ bá gbé e wá kí ẹ fọwọ́ kàn án. Mo fi aṣọ léèsì bò ó, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo sì tì í. Mo fi orúkọ mi sọ ọ́, débi pé gbogbo fóònù àdúgbò tó bá ti ń wá wífí, WÍFÍ ALÁJÌ TAYA ni yóò kọ́kọ́ rí. Kódà ẹni tó jókòó sínú takisí tó ń kọjá lọ, orúkọ mi á yọ lójú fóònù rẹ̀.

Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kóòdù níhìn-ín, mo pe ayàwòrán kan pé kó kọ ọ́ sára ògiri iwájú ilé ní lẹ́tà gàdàgbà. Àfí ní ta ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kọ́ ògiri. Mo ní ṣé ó ti rí i rí kí n ti ìkòkò omi tí mo gbé síta fún àwọn tó ń kọjá, pé sàárà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi inú ìkòkò náà kúkú máa ń tán.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Àfí jẹ́, torí àwọn kan nílé ń pè é ní àjèjì mi. Ọmọ Datcha ni, nítòsí ibí. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó jọ èdè wa díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé tí mo rò pé mo gbọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo ń lọ sí mọ́ṣáláṣí mi, ìjà ò sí níbẹ̀. Ó ka ìwé Faransé dáadáa. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe fotokopí. Ogún ọdún ló ti wà nílé mi. Kí ó tó dé, kò sí ẹnì kan ní gbogbo ìlú yìí tó ń pè mí ní Àjàní. Ẹnu yín ló ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, orúkọ tó ń fi pè mí nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ Ráfátù. Ọjọ́ Àìkú ni. Mo gbé fóònù kan ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, Àfí jókòó tì mí, ẹ̀yin náà jókòó pẹ̀lú gbogbo àgbà lẹ́yìn yín. Mo ń sọ fún Bàbá Mọ́gàjí pé nílé tèmi àwòrán kì í gbọ̀n, pé kí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí ojú yín fi dúró gbagidi, tẹnu tẹnu. Bàbá Mọ́gàjí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń wí nìyí. Àwọn ìyàwó ilé náà bá wọn rín in. Ó dùn mí wọ eegun.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Haa! Àwọn onísẹ́mí ti jókòó sórí alùpùpù wọn lẹ́sẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wo fídíò. Télọ̀ òdìkejì gbé àga tirẹ̀ wá pátápátá. Orí wáyà kan ṣoṣo tí mo fà nítorí yín ni gbogbo wọn jókòó lé.

Ìgbà náà lẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ pe orúkọ bàbá mi, ẹ pe tèmi, ṣùgbọ́n ńṣe ni ohùn yín ń já sọ́wọ́ mi ní kélekèle. Mo gbé fóònù mi kejì. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo ti fipá mú Àfí kó fi bí wọ́n ṣe ń wọ inú ètò àpótí náà hàn mí: ẹ óò tẹ nọ́ńbà kan tó ní àmì tó-tò-tó láàárín, ojú ìwé kan á ṣí, á béèrè orúkọ àti kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè yí ohunkóhun padà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Mo wọlé síbẹ̀, ó di ibi kóòdù, mo fẹ́ yí i padà kí gbogbo àwọn ará ìta lè já dànù.

Àfí rí mi. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní Bàbá Ṣakírù, ẹ jẹ́ kí Ìyá ṣe àmín ná, pé tí mo bá ti yí i, àpótí náà á kú kó tó jí, àwa náà á já. Mo ní ilé ta nìyí? Mo ní ẹni tó ń bọ́ taya láti ọdún wọ̀nyí kò nílò kí wọ́n kọ́ òun ní ìgbà tí wọ́n ń yọ túbù. Ó na ọwọ́ kó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ọ̀hún gba iwájú fóònù tó wà lórí tábìlì kọjá. Ọwọ́ tí ẹ rí nìyẹn, Ìyá. Ọwọ́ tó ń bọ̀ wá dá tèmi dúró ni.

Mo sì tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi Ganíyù ni mo pa wífí mọ́ ìyá mi lẹ́nu.

Ìtìjú ò tán síbẹ̀. Tí ènìyàn bá ń tẹ kóòdù tuntun, àmì dúdú kóróbó-kóróbó ló ń hàn. Inú ń bí mi, mi ò mọ ohun tí ìka mi tẹ̀. Nígbà tí àpótí náà jí, kò dá mi mọ̀. Mo dán kóòdù lóríṣiríṣi wò títí ọwọ́ fi ń ro mí. Onísẹ́mí kan kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé wífí Alájì ti kú ni. Mo ní ó lọ sí Mẹ́kà.

Lẹ́yìn náà ni Ráfátù pè, ó ní kí ni ìyàwó mi ní sí Ìyá tó fi na ọwọ́ pa ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ. Mo ní kí ẹ má bínú, pé màá bá a wí. Àfí dúró lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ Yorùbá wa ketekete. Ó lọ ká aṣọ lórí okùn torí òjò ti ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí náà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó bọ́ léèsì kúrò lára rẹ̀, ó ní kì í ṣe ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó yọ yẹtí rẹ̀ kan, ó fi ẹnu yẹtí náà ti ihò tíntínní tó wà lẹ́yìn àpótí náà, ó sì ń ka ení, èjì títí gbogbo iná fi kú. Ó tàn padà bí ọmọ tuntun, tí kò rántí nǹkan kan. Àfí wá bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń wọ inú ètò àpótí ló kọ́kọ́ pààrọ̀, torí ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo irú wọn jáde, ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n. Ó ṣe kóòdù gígùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó ya èmi tí mo ti rí nǹkan láyé lẹ́nu: ó pín wífí kan ṣoṣo sí méjì. Ọ̀kan fún àwa ará ilé, ọ̀kan fún àlejò. Ó díwọ̀n ti àlejò, débi pé bí wọ́n bá pọ̀ tó ìjọ, wọn ò lè fa tiwa. Ti àlejò ló fi orúkọ mi sí, kí sàárà mi má bàa dúró, kí ojú má sì tì mí ládùúgbò. Tilé, ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, kì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpótí náà sórí pẹpẹ pálọ̀, àwòrán wá mọ́ kedere ní gbogbo ilé.

Bọ́tìnì tó kẹ́yìn, ó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Mo tẹ̀ ẹ́, iná kú, a jókòó, a dúró. Nígbà tó tàn, ó ní ìṣẹ́jú méjì péré ni, pé àmín Ìyá ò bá má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá, mo ti ń sọ káàkiri pé èmi nìkan ni mo kọ́ ilé yìí. Mo mọ taya, mo mọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ yìí, mi ò rí irú rẹ̀ ní Atakpamé, mi ò sì rí i ní Ṣakí. Èmi kúkú ni mo yàn án, ojú mi mọ ohun tó dára láti kékeré.

Ẹ ní ẹni tó pa ẹ̀rọ láàárín àdúrà yín kò gbọdọ̀ tẹ ìloro. Ẹ ò ṣàṣejù. Èmi ni. Ní Iléyá, àwa méjèèjì là ń bọ̀. Tí ẹ bá rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ẹ mú Àfí wọlé, ẹ fún un lómi mu. Èmi á jókòó síta lórí ẹrù wa títí dìgbà tí ẹ bá ránṣẹ́ pè mí. Mo ti sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà á jókòó tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má jẹ́ kó jókòó síta.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Oúnjẹ ò ní korò lẹ́nu yín, ẹsẹ̀ yín ò ní wọ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí tilé-toko, kí ẹ kí Bàbá Mọ́gàjí lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín bó ti wù wọ́n.

Èmi ni,
Ganíyù Àjàní, ọmọ yín.