Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Kò Tó Àǹtí Zelinda

Lapo ọmọ mi,

Nǹkan ti dàrú. Tíkẹ́ẹ̀tì ilé àwòrán ìlú Firenze tí o rà fún wa kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ ènìyàn. Àlùfáà wa, Don Fosco, ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ó pa á mọ́nú. Ìwọ náà mọ̀, torí ìwọ lo rà á. Orúnkún Àǹtí Zelinda sì ti wú. Ìyẹn, èmi ni mo fà á.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ sọ́nà ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, ajá wọn bímọ mẹ́fà.

Wọ́n kọ ọ́ kedere: àkókò ìwọlé, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Wọn ò tilẹ̀ kọ àkókò ìjáde. Lapo! Gbogbo yàrá yẹn, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ivo alápatà ní ẹni tó bá ń yàn sọ́séèjì kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù òun ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi fóònù pè wọ́n, obìnrin kan ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Agbéraga.

Ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní ẹkún sísun nílé ẹ̀kọ́ okòwò ní Arezzo. Àwa méjìlá láti ṣọ́ọ̀ṣì là ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí oníkálukú mú yàrá kan, kó wò ó dáadáa, kó sáré jáde, a ó máa ròyìn fún ara wa nídìí búrẹ́dì. A ti ń fi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì dánra wò, mo sì ń fi aago tí mo fi ń se ẹyin ka àkókò. Don Fosco yege. Ìpele kẹta ni Àǹtí Zelinda ti ṣubú. Wọ́n ní àwọn ò sáré fún sójà Jámánì, àwọn ò sì ní sáré fún tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwòrán Màríà tí wọ́n gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà ogun ni Àǹtí Zelinda fẹ́ lọ kí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà náà. Dókítà sì ní ojú kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fi ń ríran ò ní bá wọn dé ọdún Àjíǹde. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, orí àtẹ̀gùn ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti tán mọ́ wọn lára.

Mo ti ṣírò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́nà méjìlá, wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Sọ fún un pé àwa mọ́kànlá á jókòó síta, kí wọ́n kó gbogbo ìṣẹ́jú wa fún Àǹtí Zelinda.

Mo fẹ́ èsì kí aago tó lu méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bí o bá ṣe tètè dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run máa tètè dá ọ lóhùn.

Ìyá rẹ,
Norma