Aṣọ Ooru Lára Ọmọ Káfíńtà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ẹsẹ̀ mi wú. Wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa — ó já bọ́ láti orí òrùlé níbi iṣẹ́, ó forí gbálẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀, káfíńtà. Ẹ̀rún pákó ṣì wà nírun bàbá náà. Mo ní kó jókòó, ó ní àga yẹn ń mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ọpọlọ ọmọ náà ti kú. Dókítà méjì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀. Ẹ̀rọ ló ń mí fún un. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ — dókítà wa tí kì í gbóhùn sókè — ló sọ fún bàbá. Ó tún un sọ, torí bàbá ò gbọ́, tàbí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá ni Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè bóyá bàbá yóò jẹ́ kí wọ́n fi kíndìnrín ọmọ náà gba ẹlòmíràn là. Bàbá ní ọmọ òun kì í ṣe ahun. Ó gbà. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6
Iṣẹ́ pọ̀ lára ẹni tó ti kú ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọpọlọ ò darí nǹkan kan mọ́: ara ń tutù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀, ìtọ̀ ń ya bí omi ẹ̀rọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé kíndìnrín dáadáa, ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ nìyẹn. Mo fa omi sí i lára. Mo fi oògùn gbé ìfúnpá ró. Mo fi aṣọ tó ń móoru bò ó. Ẹ̀yìn ń ro mí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì wà lọ́nà — òjò dá wọn dúró.

Bàbá bá mi níbi tí mo ti ń bo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Nọ́ọ̀sì, òtútù ń mú un, àbí? Ṣé ẹ ti wá rí i pé kò kú?"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ò sí nítòsí. Èmi náà ni mo máa dáhùn.

"Bàbá, ọmọ yín ti lọ. Ohun tí ẹ ní kó fi sílẹ̀ ni mò ń tọ́jú."

Mo ní bó bá yí ọkàn padà, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Ó jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ìfúnpá já wálẹ̀ pátápátá, mo ń sá sókè sá sódò kó tó gbérí. Bàbá padà wọlé. Ó di etí kejì aṣọ náà mú, a jọ fà á bo ọmọ náà.

Ọjọ́bọ̀, 7
Àwọn oníṣẹ́ abẹ dé. Wọ́n yọ kíndìnrín méjèèjì, wọ́n fi omi tútù fọ ẹ̀jẹ̀ inú wọn, wọ́n kó wọn sáàárín yìnyín. Bàbá bi mí kí ló dé tí ooru àná fi di yìnyín lónìí. Mo ní nínú ara, ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Níta, òtútù ló ń jẹ́ kó sinmi kó má bàa bàjẹ́.

Ó ní, "Kó sinmi, ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Àbámẹ́ta, 9
Mo sùn bí òkúta. Ọkọ mi ní mo ń pàṣẹ lójú oorun, pé kó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní òun yí.

Ọjọ́ Ajé, 18
Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mú ìròyìn wá. Wọ́n ti fi kíndìnrín méjèèjì sára èèyàn méjì; ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì kọ̀, kò ṣiṣẹ́ — ó ní ó lè jẹ́ ìgbà tí ìfúnpá já wálẹ̀ yẹn ló ti fara gbọgbẹ́. Ó ní ẹ̀bi mi kọ́. Mo mọ̀. Ó rẹ̀ mí síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Bàbá wá. Ó ti fá irun. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì kò ṣiṣẹ́. Ó ní ẹni tí wọ́n fi èkejì sí lára ńkọ́. Mo ní ó ṣì ń dúró de òmíràn.

"Ṣé wọ́n máa ń gba ti ẹni tó wà láàyè?"

Mo ní wọ́n máa ń gbà á, bí ara onítọ̀hún bá le, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá bá ara mu. Mo ní kó lọ sílé lọ rò ó dáadáa.

Ó tú bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó na apá sí mi.