Ẹ̀yìn Káàdì Aṣọ́lé

Màámi,

Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó ka èyí.

Láàárọ̀, bí mo ṣe ń da ohun tí Bàbá kọ sẹ́yìn àwọn káàdì agbábọ́ọ̀lù wọn kọ sínú ìwé, kó má baà bá àwọn tí a fẹ́ tà lọ, ni ọkùnrin kan wọlé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo wa. Ó ní kí n fún òun ní káàdì aṣọ́lé, èyí tí ẹ ní mi ò gbọdọ̀ yọ nínú ọ̀rá. Mo ní a ò tà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé, “Ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò rẹ báyìí?” Ó ní òun ń padà bọ̀ ní agogo mẹ́rin.

Bó ṣe jáde ni mo yọ ọ́. Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í ṣe Bàbá ló kọ ọ́: “Bá mi tọ́jú ọmọ mi. Mà á wá mú un.”

Ẹ má bínú pé mo yọ ọ́. Tàbí kí ẹ bínú, ìyẹn ò kàn mí mọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àwọn tó kù, torí ara ìtàn ilé wa lòun náà.

Mo ń lọ mú àbúrò mi nílé ìwé, mi ò sì ní sọ ibi tí à ń lọ. Oúnjẹ yín wà nínú ìkòkò. Káàdì náà wà lórí tábìlì. Tí ọkùnrin yẹn bá dé, káàdì náà nìkan ló máa bá, kò ní bá àbúrò mi.