Fọláṣadé Ṣe Ògbufọ̀ Ẹjọ́ Ara Rẹ̀

Kúùjẹ-Àmùwò,
Èkó.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Èkó níbí. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Sùnkànmí àti ìyàwó wọn, kí ẹ sì kí gbogbo ará agboolé tó ń bá yín jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Dòdò Ìkirè tí ẹ fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ wa. Fọláṣadé ti jẹ ẹ́ tán kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ewé tí wọ́n fi dì í nìkan ló ṣẹ́kù fún èmi.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yín jáde nínú ìwé ìròyìn kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ojú mi rí ju ohun tí mo lè dá gbé mì lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí tó kó ọmọ wá sí Èkó ló ní irú Fọláṣadé nílé. Ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n Sùnkànmí kà á fún yín, kí wọ́n má sì fo ibì kankan o, mo mọ̀ wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí láti abẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè fóònù, ẹ ní ọmọ tí ẹ tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ni mo gbà lọ́wọ́ yín tí mo wá sọ di odi. Ẹ ní bí táàmù yìí bá ti parí, kí n dá a padà fún yín ní Ìkirè. Òótọ́ lẹ sọ.

Iṣẹ́ rewáyà mi ń lọ, a dúpẹ́. Òjò ọdún yìí kò jẹ́ ká rímú mí. Bó bá ti rọ̀, omi á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwa á máa gbé bátìrì sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ni iná mọ́tò àwọn èèyàn máa ń kú, nítorí náà òjò tó ń lé wa kiri náà ló ń bọ́ wa. Ohun tó nira fún mi ni yàrá. Kí ọmọ yìí tó dé, mo máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé láìsí ẹni tí yóò ní ẹ káàbọ̀. Bí ẹ bá gbà á, ibẹ̀ ni mo tún ń padà sí.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ wà ní Fẹ́sítáàkì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá wọn láti kékeré. Inú ìwé ni tiwa ti kọ́ tirẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní kà, kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu ló kù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kó dìde kó sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí tíṣà bí ẹ ṣe kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sín ohùn rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀, fanákúlà, èdè ilé tí wọ́n kà léèwọ̀, ló sọ yẹn, yóò ro oko ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọmọ, wọ́n tún ti ti ẹ̀yìn. Ó bá pa ẹnu dé.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì ni pásítọ̀ wa fi ń wàásù, ògbufọ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí pásítọ̀ bá fò, ògbufọ̀ á fò. Bí pásítọ̀ bá ní òun dẹ́ṣẹ̀ nígbà èwe òun, ògbufọ̀ náà á pariwo pé, "Mo dẹ́ṣẹ̀ nígbà èwe mi!" Fọláṣadé á tẹjú mọ́ àwọn méjèèjì, á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Tó bá délé, á dúró síwájú dígí, á ṣe pásítọ̀, á ṣe ògbufọ̀. Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn, Mísìs Ùchè, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ìbò ni, kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà kò kọjá bátìrì àti fíùsì. Fọláṣadé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún mi ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ le, mo sì bojú wo ọmọ mi. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà rẹ̀ gan-an níbi tí ògbufọ̀ máa ń dúró sí, ó la ẹnu.

Màámi, orí mi wú. Kò sọ pé, "Wọ́n ní báyìí." "Mo" ló ń wí, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní mo fẹ́ràn ọmọ yín, sà. Ó ní ọmọ yín mọ ìwé, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ kíláàsì mi. Ó ní ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ ń bọ̀, bí ọmọ yín kò bá sọ̀rọ̀, yóò tún kíláàsì náà kà. Ọmọ tó ń wí yìí, òun fúnra rẹ̀ ni o! Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó láyè láti bu díẹ̀ kúrò, ta ni ì bá mọ̀? Kò bu nǹkan kan. Ó gbé ẹjọ́ ara rẹ̀ kalẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ bó ṣe gbà á.

Mo ní kó sọ fún wọn pé ọmọ mi ò yadi, pé ní Ìkirè ńṣe ni ìyá àgbà rẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fún ẹnu nísinmi. Ó yíjú, Gẹ̀ẹ́sì tú jáde. Mísìs Ùchè ti fẹ́ fèsì kí ó tó yé e pé ohùn Fọláṣadé lòun ń gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó wá bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́. Fọláṣadé sọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ: Fọláṣadé, kí ló dé tí o kì í fi í sọ̀rọ̀? Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀ mọ́ àfi òun. Mo ní kó dá wọn lóhùn. Ó wolẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni òun gbé lọ́wọ́, ẹ̀rù kì í ba òun, ẹlẹ́rìn-ín á wá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòun, òun náà ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Ó túmọ̀ ìyẹn náà fún tíṣà. Ó sọ ọ́ dópin. Mísìs Ùchè bọ́ awò ojú, ó ń nu ojú rẹ̀. Èmi tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Láti Mọ́ńdè ni obìnrin náà ti gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀. Bí ọmọ kan bá dáhùn ìbéèrè, yóò ní kí Fọláṣadé tún ohun tí onítọ̀hún wí sọ fún kíláàsì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń gbé kiri. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín?

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gba òbí láyè láti jókòó lẹ́yìn. Mo fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó fẹ́ràn. Fọláṣadé jáde, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́ni bá a rín in. Lẹ́yìn náà ó dìde, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ gbà á lẹ́nu, ó sì sọ̀rọ̀. Màámi, mo gbọ́ orúkọ yín, Àdùkẹ́. Mo gbọ́ Ìkirè, mo gbọ́ dòdò. Ìyókù kọjá mi. Ṣùgbọ́n mo rí i tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín níbi tó fẹ́ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tí gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Olúwa tóbi. Ó yege, ó ń lọ sí kíláàsì tó kàn.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bẹ̀ ẹ́ kó túmọ̀ ohun tó sọ nípa yín fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán òun, ọ̀rọ̀ tòun ni, ẹ̀yin lẹ sì ni ín.

Nítorí náà, Màámi, ẹ má gbá yàrá sílẹ̀ fún ọmọ tó ń kó ẹrù bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ kó dúró tì mí. À ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, ẹ gbé àga yín síta. Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́ fún yín, èmi náà á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí n lè gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí.

Ẹ óò pẹ́ fún wa, ẹ óò jèrè ọmọ yìí lójú ayé yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ó dùn yín lọ́jọ́ ayọ̀. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn tó béèrè wa àti àwọn tó gbàgbé. Fọláṣadé kúnlẹ̀ kí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé