Nípa Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ àti Kílò Mẹ́rin Tó Padà Wá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Akọ̀wé,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ojú ibi tí wọ́n ti gé ọ ńkọ́, ṣé kò yún ọ mọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ, yóò máa ṣọ́ ìwọlé rẹ, oúnjẹ tí o bá jẹ, ibi tó yẹ kó lọ ni yóò gbà lọ, kò ní yà síbi tí a ò rán an. Àmín. Ìyá rẹ náà ṣe àmín. Ó jókòó tì mí níhìn-ín, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú awò ojú rẹ̀ dání, kò sì lè rí ohunkóhun kà.

Tiwa ńkọ́? A dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ránṣọ, ẹ̀rọ ò tíì lé mi dìde. Àwọn báǹkì ṣe mí lóore lóṣù tó kọjá. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé àwọn kí mi kú ọjọ́ ìbí, pé kí n pẹ́ láyé. Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, kò sẹ́ni tó rántí o, àfi àwọn. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo lọ dúpẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níwájú bi mí pé ṣé owó ni mo fẹ́ gbà ni àbí owó ni mo fẹ́ fi pamọ́, mo ní rárá o, ọpẹ́ ni mo wá dá. Ó wò mí títí, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fún mi ní kàlẹ́ńdà. Ènìyàn gidi ni wọ́n, mo sì ti fún wọn ní ọjọ́ ìbí ìyá rẹ náà kí wọ́n má baà gbàgbé rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti dìde lọ mumi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ò gbọ́ ohùn rẹ. A pè títí, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, awakọ̀ wa, ló dé láti ọ̀dọ̀ rẹ tó tú àṣírí. Ó ní inú kíṣìnnì lòun ti bá ọ tí ò ń sunkún, pé nínú èyí tí iṣẹ́ abẹ ikùn rẹ mú kúrò, kílò mẹ́rin ti padà sí ọ lára láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ní ohun tó ká ọ lára jù ni pé ìwé ọsibítù fi hàn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ìṣísẹ̀ lò ń rìn lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti yìn ọ́ nítorí rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó jókòó, ó ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Ó ní iye náà ya ìwọ fúnra rẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n o ní ẹ̀rọ kì í parọ́, bóyá àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lo gun òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n gòkè. O wá ní bí ènìyàn bá rìn tó yẹn tó sì tún ń sanra, a jẹ́ pé ara òun gan-an ni ọlọ̀tẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọ lára, pé o ò ní yọjú sí dókítà mọ́ lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n dá fún ọ.

Akọ̀wé, jókòó. Tó bá ṣe pé o ti jókòó tẹ́lẹ̀, di àga mú. Ìwọ kọ́ lo rin ìrìn yẹn. Ewúrẹ́ ni.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀. Ṣé o rántí fọ́ọ̀mù tí ọsibítù ní kí ẹbí fọwọ́ sí kí wọ́n tó dín ikùn rẹ kù? Wọ́n bi wá níbẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ wo ni àwa ará ilé máa ṣe fún ọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó máa bá a rìn. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ déètì. O mọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ nípa àwa télọ̀, pé ọ̀túnla wa kì í pé, pé ẹni tó bá gbé aṣọ ìgbéyàwó fún wa, ibi ìsọmọlórúkọ ni yóò ti wọ̀ ọ́. Mo ní èyí tí mo fọwọ́ sí yìí, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ láéláé.

Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o ti ra aago tuntun, o fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú fóònù rẹ àtijọ́. O ní aago náà ń ka ìṣísẹ̀, kí n máa fi rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún mi. O ní orúkọ rẹ ṣì wà nínú rẹ̀, pé o ó yọ ọ́ tí o bá ráyè. O ò ráyè. Mo bi ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe pé níbo ni àwọn ìṣísẹ̀ tí aago yìí ń kà ń lọ. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní inú ìwé rẹ lọ́sibítù ni, pé wọ́n ń rò ó pọ̀ mọ́ ti aago tuntun rẹ. Háà, inú mi dùn! Mo ní ọgbọ́n ń bẹ nínú àwọn ènìyàn yìí o. Wọ́n mọ̀ pé ẹrù náà wúwo fún ẹnì kan, wọ́n wá ṣe é kí ẹbí lè máa dá ìṣísẹ̀ jọ fún ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kìíní mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo rìn padà. Igba ó lé díẹ̀ ni aago kà, orúnkún mi sì ní ó tó. Ojú tì mí. Kí ni màá fi igba ṣe fún ọmọ tí wọ́n la inú rẹ̀? Bí mo ṣe gbé ojú sókè, Alága ló ń kọjá lọ. Alága ni ewúrẹ́ tí ìyá rẹ rà lẹ́yìn tí o padà, a sọ ọ́ ní Alága nítorí kò sí ibi tí ènìyàn mẹ́ta bá dúró sí tí kì í dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, orúnkún kan ò sì dùn ún. Mo fi rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò rán okùn kékeré kan, mo fi aago náà sí i, mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ iwájú. Kò fún un, kò sì tú, ìwọ náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló mú wálé lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ó dé ilé ìwé, ó dé ilé oníbúrẹ́dì, ó dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ó tún padà sí ilé oníbúrẹ́dì. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìyá rẹ á pè é, a ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, a ó ka iye náà sókè, ìyá rẹ á ṣe àmín. Lọ́jọ́ tí ajá lé e, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alájá náà, kò yé e.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wá sọ pé o rìn tó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ òṣùwọ̀n ń gòkè, mi ò ro ti ewúrẹ́ rárá. Ohun tí mo rò ni pé okùn ni. Mo ní dókítà yẹn ti fi okùn tí kò lágbára rán ikùn ọmọ mi, ojú rírán ti ń tú. Mo mú róòlù okùn mi tó nípọn jù, èyí tí mo fi ń rán báàgì, èmi àti ìyá rẹ forí lé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi fi ránṣẹ́ sí dókítà rẹ, kí ó fi tún ibẹ̀ rán. Nọ́ọ̀sì náà fara balẹ̀, ó bi mí léèrè ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí a fi kan ọ̀rọ̀ aago. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ṣé ọmọ yín mọ̀. Mo ní rárá. Ìgbà yẹn ni ara mi tó bù máṣọ.

Ó ní okùn dókítà kò lẹ́ṣẹ̀. Ó ní ìṣísẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dá jọ, ẹni tó bá rìn ín ló ń jẹ èrè rẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá wà tó fọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ewúrẹ́ ni. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, òótọ́ ni, egungun ìhà Alága ti yọ. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ abẹ kì í dá parí iṣẹ́, ó kàn ń dín àpò kù ni. Ó ní kí kílò díẹ̀ padà wá kì í ṣe tuntun, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe é ló ń bá a pàdé, wọ́n sì ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sá fún dókítà nítorí ìtìjú ni tirẹ̀ máa ń le. Ó ní àpò kékeré lè dá oúnjẹ gidi dúró, àmọ́ àwọn ohun dídùn, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń yọ́ kọjá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe sọ èyí tán ni ìyá rẹ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná. Inú ilé ìwòsàn la wà o, ìkòkò kankan ò sí níbẹ̀.

Òun náà jẹ́wọ́ lójú ọ̀nà. O mọ àwọn agolo bisikíìtì àti ẹ̀pà olóyin tó ń fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ nígbàkígbà tó bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ? Èrò rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti sọ inú ọmọ òun di kékeré, ohun kéékèèké ni kí òun máa fi sí i. Ó ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o dárí ji òun. Ó tún ní kí o dá àwọn agolo náà padà, agolo tó dáa ni wọ́n.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo bi í ní ìbéèrè kan sí i, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: ègé ikùn tí wọ́n gé kúrò, ta ló kó o? Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ègé aṣọ oníbàárà, oníbàárà ló ni ín. Ó ní wọn kì í dá irú ìyẹn padà. Mo gbà, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Akọ̀wé mi, ó dùn mí o. Oṣù mẹ́ta lo fi bínú sí ara rẹ nítorí ohun tí èmi fi ọwọ́ mi so mọ́ ẹsẹ̀ ẹran. Má bínú sí bàbá rẹ. Ara rẹ kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀. Kílò mẹ́rin yẹn, tìrẹ ni, mi ò lè gbé e fún Alága, ṣùgbọ́n ó nídìí, ìdí náà sì ti hàn.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gé ṣòkòtò ọkùnrin kan, ẹsẹ̀ òsì méjì ni mo gé, kò sí ọ̀tún. Mo sá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi dé ṣọ́ọ̀bù, mo ní iṣẹ́ yìí ò bá orí mi mu, mo fẹ́ lọ máa ta kẹrosíìnì. Ọ̀gá mi wá bá mi nílé, mo rò pé ó wá nà mí ni. Ó tẹ́ ṣòkòtò náà sílẹ̀, ó ní kí n fi ìka han òun ibi tí àlùmọ́gàjí ti ṣìnà. A wò ó títí a fi rí i pé mi ò ṣẹ́ aṣọ náà po kí n tó gé e. Ó ní ṣé o rí i, ohun tí o ò mọ̀ kò jù báyìí lọ. Mo padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Oníṣòkòtò bínú o, títí dòní tó bá rí mi á gba òdìkejì ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò gé ẹsẹ̀ òsì méjì mọ́.

Nítorí náà, lọ lọ́jọ́bọ̀. Ní kí wọ́n yọ ìṣísẹ̀ ewúrẹ́ kúrò nínú ìwé rẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, bó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì, bó jẹ́ mẹ́ta, tìrẹ ni, òun ni dókítà lè fi ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì wa ní kí o kọ gbogbo ohun tí o jẹ sínú ìwé kí o mú un dání, má sì bo ìyá rẹ láṣìírí, kọ agolo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú aago yìí, ọwọ́ mi ló wà báyìí. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ni mo rìn lánàá. Alága ṣì ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, ó ń na ẹsẹ̀ síwájú.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Jọ̀ọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, owó páànù méjì torí òrùlé ẹ̀yìn ti ń jò, owó òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, àti òmíràn tí ìyá rẹ ní kí n má sọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Mo ka ìlà yìí sí i létí, ó ní ṣé ojú kì í tì mí ni, pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fi ojú ọmọ yìí rí, owó ni mo tún ń béèrè. Mo ní kò yé e. Ọjọ́ gbogbo tí mo bá ti béèrè owó, kì í pẹ́ tí o fi ń pè mí, tí wàá ní Bàbá, kí lẹ fi ti oṣù tó kọjá ṣe, tí ohùn rẹ á ròkè, tí wàá máa ṣírò rẹ̀ fún mi, tí èmi náà á máa wí àwíjàre. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pè ọ́ láti kí ọ lásán, o ò gbé e. Bí owó ò bá sí, má fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n pè mí, kí o bi mí pé kí ni mo fi ti oṣù tó kọjá ṣe.

Ọlọ́run yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà, yóò sì gbé e padà sílé láyọ̀. Ohun tó bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, o ó rí ibi tó ti yẹ̀, o ó sì tún un ṣe. O ò ní ṣe é tì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ. Mo máa ń pa fóònù mi tí n kò bá lò ó, kí ó lè sinmi. Láti òní, mi ò pa á mọ́. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi, èmi àti ìyá rẹ jókòó tì í, a ń wò ó.